Ìwọ Tí O Ń Kọ́ṣẹ́ ní Ìlú Ọba, Kí Ni O Ń Fi Òpin Ọ̀sẹ̀ Rẹ Ṣe?

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun Ọba ni, Ẹni tí ó tẹ́ ilẹ̀ ní pẹrẹsẹ kí ẹ̀dá Rẹ̀ lè máa rìn lórí rẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad (S.A.W.), àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, láyé òde òní, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àdúgbò kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí a kò ti ní rí ilé Mùsùlùmí tí ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun. Àwọn kan lọ kàwé, àwọn kan lọ ṣiṣẹ́, àwọn kan sì wà láàárín méjèèjì. Àwọn wọ̀nyí ni ọ̀dọ́ tí wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan ní ọ́fíìsì, ní ilé ìwòsàn, ní iléeṣẹ́ ìròyìn tàbí ní iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ wọn fara jọ èyí tí àwọn ọmọ wa ní yunifásítì àti pólì ń pè ní I.T., àfi pé òkun ni ó wà láàárín wọn àti ilé. Àwọn ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí lónìí, pàápàá àwọn tí wọ́n wà ní Ìlú Ọba.

Nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń palẹ̀ mọ́, ẹbí a máa bi í ní ìbéèrè lóríṣiríṣi. Ṣé físà ti jáde? Ṣé ó ti rí yàrá? Ṣé ẹ̀wù òtútù wà nínú ẹrù? Èló ni wọn yóò máa san fún un? Gbogbo rẹ̀ ló dára. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà gbọ́, òun gan-an ni a sì fẹ́ kí ẹ bá wa gbé yẹ̀ wò: kí ni ọmọ náà yóò máa fi òpin ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ṣe?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ fàájì ni a fẹ́ sọ. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀gá ni ó ń pàṣẹ fún ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́. Aago ni ó ń jí i, aago ni ó ń lé e wọ ọkọ̀ ojú irin, iṣẹ́ ni ó sì ń gbà á lọ́wọ́ ìrònú. Ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú nìkan ni ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Inú ọjọ́ méjì yìí ni àjò ti máa ń sọ ọmọ di ènìyàn, inú wọn náà ni ó sì ti máa ń sọ ọmọ nù. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ bá ìwọ ọ̀dọ́ fúnra rẹ sọ̀rọ̀ tààrà, kí àwọn òbí rẹ sì máa gbọ́ ọ bí a ti ń sọ ọ́.

ỌJỌ́ MÁRÙN-ÚN TÍ Ó JẸ́ TI Ọ̀GÁ

Kí a tó dé òpin ọ̀sẹ̀, ó yẹ kí a mọ bí ọ̀sẹ̀ fúnra rẹ̀ ti rí. Ní Ìlú Ọba, ọjọ́ iṣẹ́ ni ọjọ́ Jímọ̀, ìrun Jímọ̀ sì sábà máa ń bọ́ sí àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an, lọ bá ọ̀gá rẹ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ṣàlàyé fún un pé Mùsùlùmí ni ọ́, kí o sì bèèrè bóyá o lè fi àkókò oúnjẹ rẹ kírun, kí o sì fi ìrọ̀lẹ́ san ìṣẹ́jú tí ó bá lé. Òfin ìdọ́gba tí wọ́n ṣe ní 2010 ka ẹ̀sìn mọ́ àwọn ohun tí agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ rẹ́ ènìyàn jẹ. Síbẹ̀, òfin náà kò sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n yọ̀ǹda àkókò ìrun. Ẹnu tútù àti iṣẹ́ tí a ṣe yanjú ni ó máa ń ṣí ilẹ̀kùn náà.

Mọ̀ pẹ̀lú pé oòrùn ibẹ̀ kì í rìn bí oòrùn ilé. Ní ìparí oṣù Kejìlá, oòrùn kì í yọ ní Lọ́ńdọ̀nù títí aago mẹ́jọ àárọ̀ yóò fi kọjá, a sì ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Àìlà, Àlàsárì àti Màgàríbì yóò bá ọ lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí ó bá di oṣù Kẹfà, ọ̀rọ̀ yóò yí padà pátápátá: oòrùn a ti yọ kí aago márùn-ún ìdájí tó lù, kì í sì í wọ̀ títí aago mẹ́sàn-án alẹ́ yóò fi kọjá. Má ṣe fi ojú díwọ̀n. Gba ìwé àkókò ìrun ní mọ́sálásí tí ó súnmọ́ ọ. Bákan náà, gábàsì tí o mọ̀ nílé kọ́ ni ti ibẹ̀. Láti Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀gangan àárín ìlà-oòrùn àti gúúsù ni Kaaba wà.

YÀRÁ KAN ÀTI FÓÒNÙ KAN

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ yóò gba ilé ọtí lọ, wọn yóò sì pè ọ́. Wọn kò pè ọ́ láti bà ọ́ jẹ́. Àṣà wọn ni. Fi ẹ̀rín dá wọn lóhùn pé ìwọ kì í mu ọtí, kí o sì dábàá pé kí ẹ jọ jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ mìíràn. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí òun dúró sí, àwọn ènìyàn a máa bọ̀wọ̀ fún un.

Lẹ́yìn èyí ni ìwọ yóò dé yàrá rẹ, ìwọ nìkan. Kò sí ìyá tí yóò pè ọ́ kí o wá jẹun. Kò sí àbúrò tí yóò dí ọ lọ́wọ́. Aládùúgbò rẹ lè gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ fún oṣù mẹ́fà kí ó má mọ orúkọ rẹ. Òtútù mú, òjò ń ṣẹ́, fóònù sì wà lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó ń sùn di ọ̀sán, tí wọ́n ń wo fíìmù di òru, tí Àsùbá ń kọjá lórí wọn, tí wọn yóò sì padà sílé lẹ́yìn ọdún kan láì mọ ju ọ̀nà yàrá sí ọ́fíìsì lọ. Àwọn mìíràn a jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ó bá kọ́kọ́ pè wọ́n ni wọn yóò bá lọ. Àwọn àgbà sì ti wí pé àgùntàn tí ó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí o ti múra sílẹ̀ de òpin ọ̀sẹ̀ kí ó tó dé. Ní alẹ́ Àlàmísì, mú ìwé kékeré kan, kọ ibi tí o fẹ́ lọ sínú rẹ̀, kọ owó ọkọ̀, kọ mọ́sálásí tí o ti máa kírun lọ́nà, kí o sì kọ orúkọ ẹni tí ẹ jọ ń lọ bí ó bá wà. Fi ọjọ́ kan fọ aṣọ, se oúnjẹ ọ̀sẹ̀, kí o sì ka Àlùkùránì rẹ. Fi ọjọ́ kejì rìn. Bí o bá ṣe èyí fún oṣù mẹ́ta, ìwọ yóò rí i pé ilẹ̀ tí o rò pé o jẹ́ àlejò pátápátá nínú rẹ̀, àwọn ará rẹ nínú ẹ̀sìn ti fi ẹsẹ̀ lélẹ̀ nínú rẹ̀ kí a tó bí baba ńlá rẹ.

OHUN TÍ A LÈ RÍ LỌ́FẸ̀Ẹ́

O lè sọ pé owó ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ kò tó rìn kiri. Òótọ́ ni pé owó ilé ni ó ń jẹ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kejìlá 2001 ni ìjọba ibẹ̀ ti mú owó ìwọlé kúrò ní àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ńláńlá ti orílẹ̀-èdè náà. Àfihàn àkànṣe nìkan ni wọ́n ń gbowó lé. Bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù ni ó rọjú jù láti fi rìn. Kì í gba owó ọwọ́ láti 2014, káàdì ni a ń lò, bí o bá sì ti wọ ọkọ̀ dé ìwọ̀n kan lóòjọ́, wọn kò ní í yọ owó rẹ mọ́ di ọjọ́ kejì. Di oúnjẹ rẹ sínú àpò, gbé omi, ó parí.

Bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìkàwé ńlá tí ń jẹ́ British Library, ní àdúgbò St Pancras. Ibẹ̀ ni wọ́n kó Àlùkùránì Sultan Baybars pamọ́ sí, ìdìpọ̀ 7, tí a fi wúrà kọ ní ìlú Cairo láàárín 1304 sí 1306. Bí o bá rí bí wọ́n ti ń ṣe àfihàn irú ìwé bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn dígí, pẹ̀lú iná tí kò mọ́lẹ̀ jù kí ó má baà ba ojú ìwé jẹ́, ìwọ yóò bi ara rẹ léèrè ìwọ̀n tí ìwọ fúnra rẹ ń ṣìkẹ́ Àlùkùránì tí ó wà nínú àpótí rẹ.

Láti ibẹ̀, lọ́jọ́ mìíràn, lọ sí Victoria and Albert Museum ní South Kensington. Wo kápẹ́ẹ̀tì Ardabil, tí a hun ní ilẹ̀ Ìráànì, tí ọdún rẹ̀ sì wà lára rẹ̀ ní òǹkà Híjírà. Ó bọ́ sí 1539 sí 1540 ní òǹkà àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà, wọ British Museum, níbi tí ìwọ yóò ti rí orí idẹ kan tí a wú jáde ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938, tí ó dé Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. A kò ní kí o foríbalẹ̀ fún ère. Ohun tí a ń sọ ni pé kí o mọ irú ọwọ́ tí àwọn baba rẹ ní kí wọ́n tó gba ẹ̀sìn, kí ẹlẹgbẹ́ rẹ ní ọ́fíìsì má baà jẹ́ ẹni tí yóò sọ ìtàn rẹ fún ọ.

ILÉ KAN, Ẹ̀SÌN MẸ́TA

Ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, òpópónà kan wà tí wọ́n ń pè ní Brick Lane. Ilé bíríkì kan wà níbẹ̀ tí a kọ́ ní 1743. Àwọn Kristẹni ilẹ̀ Faransé tí wọ́n sá fún inúnibíni ni wọ́n kọ́ ọ fún ìjọsìn wọn. Lẹ́yìn wọn, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì lò ó. Ní 1898, àwọn Júù tí wọ́n sá wá láti ìlà-oòrùn Yúróòpù sọ ọ́ di ilé ìjọsìn tiwọn. Ní 1976, àwọn Mùsùlùmí ọmọ Bangladesh sọ ọ́ di mọ́sálásí, mọ́sálásí náà ni ó sì ń jẹ́ títí di òní. Wọlé, ṣe àlùwàlá, kí Àìlà rẹ níbẹ̀, kí o sì ronú. Gbogbo àwọn tí ó gba inú ilé yẹn kọjá, àlejò ni wọ́n. Ìpọ́njú ni ó gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn dé. Ohun tí ó mú wọn dúró ni pé wọ́n kọ́kọ́ wá ibi tí wọn yóò ti jọ máa sin Olúwa wọn.

Mọ́sálásí ńlá ti Regent's Park náà yẹ ní àbẹ̀wò. Ọba George Kẹfà ni ó ṣí ibùdó Ìsìláàmù tí ó wà níbẹ̀ ní 1944, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ṣì ń jà, ṣùgbọ́n ó di 1977 kí mọ́sálásí tí a ń wò lónìí tó parí. Láàárín àdúrà àti ìmúṣẹ, ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Sùúrù ni iṣẹ́ ẹ̀sìn ń gbà, sùúrù náà ni iṣẹ́ ọwọ́ ń gbà.

WOKING ÀTI BROOKWOOD

Nísinsìnyí, jẹ́ kí a jáde kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ibùdókọ̀ ojú irin Waterloo, wọ ọkọ̀ tí ó ń lọ sí Woking. Ìrìn bí ìdajì wákàtí ni. Bí o bá jẹ́ ọmọ ọdún 16 sí 25, káàdì kan wà tí o lè rà fún ọdún kan, tí yóò máa dín ìdámẹ́ta kúrò lára owó ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú irin fún ọ.

Woking ni mọ́sálásí Shah Jahan wà. Òun ni mọ́sálásí àkọ́kọ́ tí a dìídì kọ́ láti ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mọ́sálásí ní Ìlú Ọba, ní 1889. Ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Gottlieb Leitner ni ó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Obìnrin kan, Shah Jahan Begum, tí ó jẹ́ ọba ìlú Bhopal ní ilẹ̀ Íńdíà, ni ó sì fi owó tì í lẹ́yìn. Kí àwọn ọmọbìnrin wa gbọ́ èyí dáadáa: sàárà obìnrin ni ó gbé mọ́sálásí náà dúró. Ilé náà kò tóbi, ṣùgbọ́n ó lẹ́wà, ọ̀bọ̀tibọ̀ti òrùlé rẹ̀ sì dá yàtọ̀ láàárín àwọn ilé tí ó yí i ká.

Ibùdókọ̀ tí ó tẹ̀ lé Woking ni Brookwood, níbi tí itẹ́ òkú ńlá kan wà tí a ṣí ní 1854. Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ ti àwọn Mùsùlùmí. Bí o bá dé ibẹ̀, kí àwọn ará sàréè gẹ́gẹ́ bí Ànábì ti kọ́ wa, kí o sì tọrọ àforíjìn fún wọn. Lẹ́yìn náà, wá sàréè Abdullah Yusuf Ali. Orúkọ yìí kò ní ṣe àjèjì sí ọ. Ìtumọ̀ Àlùkùránì sí èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé Mùsùlùmí ní Nàìjíríà, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ní ìlú Lahore ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1934. Itẹ́ kan náà ni Muhammad Marmaduke Pickthall wà, ọmọ àlùfáà ìjọ Áńgílíkà tí ó gba Ìsìláàmù, tí ó sì tẹ ìtumọ̀ tirẹ̀ jáde ní 1930, ọdún mẹ́fà kí ó tó kú.

Ṣùgbọ́n ìtàn Yusuf Ali ni a fẹ́ kí o dúró lé lórí. Ó kàwé ní Cambridge, ó di agbẹjọ́rò, ó sì ṣiṣẹ́ ìjọba ní Íńdíà. Síbẹ̀, ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ó ń dá gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù Kejìlá 1953, wọ́n rí i níta nínú òtútù, arúgbó tí kò lè ṣe ìtọ́jú ara rẹ̀ mọ́. Wọ́n gbé e lọ fún ìtọ́jú, ó sì jáde láyé ní ọjọ́ kẹwàá oṣù náà. Ẹni tí ìwé rẹ̀ wà nínú ilé ẹgbàágbèje Mùsùlùmí, kò sí ará ilé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

A kò sọ èyí láti bu ẹni rere kù. Kí Ọlọ́hun tẹ́ ẹ sí àlùjánà. A sọ ọ́ nítorí pé ìmọ̀ kì í lé ìdánìkanwà lọ. Ọgbọ́n orí, ìwé ẹ̀rí, iṣẹ́ tí ó lókìkí, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè dípò ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn rẹ bí kò bá rí ọ fún ọjọ́ méjì. Nítorí náà, bí o bá ti ń lọ sí mọ́sálásí, má ṣe máa sáré jáde lẹ́yìn sàlámà. Bọ ẹni tí ó wà lápá ọ̀tún rẹ lọ́wọ́. Bèèrè orúkọ rẹ̀. Jẹ́ kí ẹnì kan mọ orúkọ rẹ àti ibi tí o ń gbé. Bí o bá sì rí àgbàlagbà tí ó ń dá wá, tí ó ń dá lọ, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ kí i.

LIVERPOOL ÀTI ÈKÓ

Bí owó bá gbà ọ́ láyè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti lọ jìnnà, Liverpool ni kí o lọ. Ó tó wákàtí méjì ó lé díẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin láti ibùdókọ̀ Euston. Ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, nítorí pé ìgbà náà ni ó máa ń rọjú. Ìrìn tí ó jìn ni èyí, nítorí náà bi àfáà rẹ léèrè nípa dídín ìrun kù kí o tó gbéra.

Ní 8 Brougham Terrace, lójú ọ̀nà West Derby Road, ilé kan wà tí William Henry Quilliam fi ṣe mọ́sálásí ní 1889. Agbẹjọ́rò ni, ọmọ bíbí Liverpool. Ó rin ìrìn-àjò dé Morocco, ó gba Ìsìláàmù ní 1887, ó sì sọ ara rẹ̀ ní Abdullah. Ó kó àwọn Gẹ̀ẹ́sì bíi tirẹ̀ jọ, ó dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò ní olùtọ́jú, ó sì ń tẹ ìwé ìròyìn tí ń jẹ́ The Crescent jáde láti 1893. Ó kúrò ní Liverpool ní 1908, ilé náà sì bọ́ sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Kò tún di ibi ìkírun mọ́ títí di 2014. Quilliam fúnra rẹ̀ kú ní 1932, Brookwood ni wọ́n sì sin ín sí, nítòsí àwọn tí a ti dárúkọ lẹ́ẹ̀kan.

Kí ni ó kan ìwọ ọmọ Yorùbá nínú èyí? Ó kàn ọ́ gidigidi. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje 1894, nígbà tí wọ́n ṣí mọ́sálásí Shitta-Bey ní Martins Street ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Abdullah Quilliam wà níbẹ̀. Sultan Abdul Hamid Kejì ti ilẹ̀ Tọ́kì ni ó rán an. Òun ni ó fi oyè Bey jẹ Mohammed Shitta lórúkọ Sultan, oyè tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ́ mọ́ orúkọ wọn di òní. Gómìnà Gilbert Carter wà ní ìjókòó lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ó sì kọ́ mọ́sálásí náà ni João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil padà wálé.

Wo bí Ọlọ́hun ti ń so ayé pọ̀. Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, kò sí èbúté kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọkọ̀ ẹrú ń ti ibẹ̀ gbéra tó Liverpool, kí òfin 1807 tó fòpin sí òwò náà. Àwọn òbí Mohammed Shitta wà lára àwọn Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú, tí a sì tẹ̀dó sí Sàró. Ìlú tí wọ́n bí Shitta sí ní Sàró, Waterloo ni orúkọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ibùdókọ̀ tí o ti wọ ọkọ̀ lọ sí Woking. Ọmọ àwọn tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú di gbajúmọ̀ oníṣòwò ní Èkó, ó fi owó rẹ̀ kọ́ ilé Ọlọ́hun, ọmọ Liverpool sì fi ọkọ̀ ojú omi wá bá a yọ̀. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ ní ọ́fíìsì pé ìgbà wo ni ẹ̀yin Mùsùlùmí dé ilẹ̀ yìí, o ti mọ èsì tí ìwọ yóò fún un.

ÀWỌN ARÁ ILÉ RẸ LÓKÈ ÒKUN

Ìrìn kan kù tí kò náni lówó púpọ̀. Ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ní Peckham, ìwọ yóò gbọ́ èdè Yorùbá lójú ọjà Rye Lane bí ẹni pé Òṣòdì ni o wà. Iṣu wà níbẹ̀, gàrí wà, ẹ̀wà olóyin wà. Kò jìnnà sí ibẹ̀, ní Old Kent Road, ni àwọn Mùsùlùmí ọmọ Nàìjíríà ti ra ilé ọtí kan nígbà kan rí, tí wọ́n sì sọ ọ́ di mọ́sálásí. Wá ìjọ àwọn ará wa lọ. Ìwọ yóò gbọ́ wáàsí ní èdè ìyá rẹ, ìyá àgbà kan lè fi ìrẹsì àti ẹran dì ọ́ lọ́wọ́, ara rẹ yóò sì yá gágá.

Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí ibẹ̀ nìkan di ayé rẹ. Bí ó bá jẹ́ pé àárín Yorùbá nìkan ni o wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ni o tọ òkun lọ fún? Àlùkùránì kọ́ wa pé oríṣiríṣi ẹ̀yà ni Ọlọ́hun dá wa sí kí a lè mọ ara wa. Kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ Pakistan lọ́sẹ̀ yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ Somalia lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Jẹ́ aládùúgbò rere fún ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí.

Ìwọ ọmọbìnrin, ìrìn yìí kò kọjá tìrẹ. Kìkì pé kí o wá ọ̀rẹ́bìnrin tí ẹ jọ máa lọ, kí o jẹ́ kí ẹnì kan mọ ibi tí o wà, kí o sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú, pàápàá ní ìgbà òtútù tí ilẹ̀ ń tètè ṣú. Àwọn mọ́sálásí kékeré kan wà tí kò ní àyè fún obìnrin. Bèèrè kí o tó lọ.

Ẹ̀YIN ÒBÍ TÍ Ẹ WÀ NÍLÉ

Ọ̀rọ̀ wa kù sí ọ̀dọ̀ yín. Ẹ fi ọjọ́ Àìkú sílẹ̀ fún ọmọ yín tí ó wà lájò. Ní ìgbà oòrùn ibẹ̀, aago wọn àti aago wa dọ́gba. Ní ìgbà òtútù, láti ìparí oṣù Kẹwàá títí di ìparí oṣù Kẹta, aago tiwa fi wákàtí kan ṣáájú tiwọn. Ẹ pè é nígbà tí gbogbo ilé bá pé, kí àwọn àbúrò rẹ̀ náà lè bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ó má jẹ́ pé owó ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Ọmọ tí ó bá mọ̀ pé owó nìkan ni ilé ń retí lọ́dọ̀ òun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún fóònù, tàbí kí ó lọ wá iṣẹ́ tí ìwé àṣẹ ìgbélùú rẹ̀ kò gbà á láyè láti ṣe. Ẹ bi í pé: ibo lo dé lọ́sẹ̀ yìí? Ta ni ẹ jọ kírun Jímọ̀? Kí ni o rí? Ẹ jẹ́ kí ó sọ ìtàn Woking fún àwọn àbúrò rẹ̀, kí ó sọ ti Liverpool. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí kò rí ibì kankan sọ, tí ohùn rẹ̀ sì ń kéré sí i, ẹ má ṣe bínú sí i. Ẹ wá ará tí ẹ mọ̀ ní ìlú náà, kí ó lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Bí ẹ bá sì ń gbé ní Èkó tàbí nítòsí rẹ̀, ẹ mú àwọn ọmọ tí kò tíì rìnrìn-àjò lọ sí Martins Street lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan. Ẹ fi mọ́sálásí Shitta-Bey hàn wọ́n. Ẹni tí kò mọ ohun tí ó wà ní ìlú rẹ̀, kí ni yóò fi wéra nígbà tí ó bá dé ìlú onílùú?

Àwọn àgbà wí pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ìwọ ọ̀dọ́ tí o wà lájò, iṣẹ́ tí o kọ́ yóò wà nínú ìwé ẹ̀rí rẹ. Irú ẹni tí o dà, inú àwọn ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú rẹ ni a ó ti rí i. Kí Ọlọ́hun Ọba máa ṣọ́ ìjáde rẹ àti ìwọlé rẹ, kí Ó fi ẹni rere ṣe alábàárìn rẹ, kí Ó má ṣe jẹ́ kí ìrun bọ́ lọ́wọ́ rẹ, kí Ó sì dá ọ padà fún àwọn òbí rẹ ní àlàáfíà pẹ̀lú ìmọ̀ tí yóò ṣe ìlú àti ẹ̀sìn láǹfààní. Àmín.